Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ọ̀rọ̀ “Big” ní Ṣábẹ

Ẹ ti mọ bí a ṣe ń ka èdè Nàgó, ẹ sì ti mọ bí a ṣe ń kọ ọ́. Lónìí a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ náà kéré, lẹ́tà mẹ́ta péré ni: “big”. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ńlá, tàbí pé nǹkan tóbi.

Ẹ lè wí pé, kí ló wà nínú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí a ó fi máa kọ ìwé lé e lórí? Ẹ ní sùúrù. Bí ẹ bá tẹ̀ lé wa, ẹ ó rí ìtàn ìlú wa nínú ọ̀rọ̀ kékeré yìí. Ẹ ó sì rí ìdí tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣòro fún àwọn ọmọ wa ju bó ṣe yẹ lọ.

Kí ni a fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe?

Ẹ wo ibi tí Ṣábẹ wà. Bí ẹ bá kọjú sí ìlà-oòrùn, ẹ ó kan odò Òpàrà. Lẹ́yìn odò náà, ilẹ̀ Nàìjíríà ni. Àwọn tó wà lọ́hùn-ún kì í ṣe àjèjì sí wa. Bí ẹ bá dé Ṣakí, tí ẹ kí wọn ní Nàgó, wọn yóò dá yín lóhùn. Ẹ lè ná ọjà, ẹ lè ṣàwàdà, ẹ lè bá wọn ṣe àna.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mú ìwé jáde, ọ̀rọ̀ yí padà. Ìwé ẹ̀rí owó, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìwé ọkọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí oògùn àti sí ọrùn ẹ̀wù, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ẹnu wa kò ní ìṣòro níbẹ̀, ìwé ni ó ń dá wa dúró. Ẹni tí kò lè kà á yóò fi ọjà rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ohun tí ẹni náà bá sọ pé ó wà nínú ìwé ni yóò gbà.

Ìlà tó pín wa

Báwo ni ó ṣe jẹ́ pé àwọn ará wa ní òdìkejì odò ń ka Gẹ̀ẹ́sì, tí àwa ń ka Faransé? Kì í ṣe àwọn baba wa ni wọ́n yàn án. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, ìjọba Faransé àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bu ọwọ́ lùwé àdéhùn kan ní Paris. Wọ́n fa ìlà láti etí òkun lọ sí òkè. Ọwọ́ ọ̀tún ìlà náà di ti Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ òsì di ti Faransé. Bẹ́ẹ̀ ni Kétu àti Ṣábẹ ṣe bọ́ sọ́dọ̀ Faransé, tí Ṣakí àti Ìsẹ́yìn bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn òyìnbó méjèèjì kò kọ́ ọmọ ní ọ̀nà kan náà. Lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-ìwé àwọn ìjọ Kristi ń fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ọmọ kéékèèké, kí wọ́n tó mú Gẹ̀ẹ́sì wọlé. Lọ́dọ̀ Faransé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlànà ilé-ìwé tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1924 fún gbogbo ilẹ̀ wọn ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sọ pé èdè Faransé nìkan ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ. Nítorí náà, ọmọ Ṣábẹ tó wọ ilé-ìwé fi èdè ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Àwọn mìíràn nínú àwọn ènìyàn wa kò gbà láti dúró. Owó orí, iṣẹ́ ipá àti mímú ọmọ lọ sógun mú kí ọ̀pọ̀ láti Kétu àti Ṣábẹ sá kọjá ààlà lọ sí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju kọ ìwé lórí ìtàn yìí, ó jáde ní ọdún 1976. Ìdílé kan náà lè wá ní ọmọ méjì, kí ọ̀kan máa kọ lẹ́tà ní Faransé, kí èkejì máa kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Lẹ́yìn òmìnira ọdún 1960, ìlà náà kò parẹ́, ṣùgbọ́n a ń kọjá lórí rẹ̀ lójoojúmọ́. Ní àwọn ọdún 1970, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà jọ dá ilé-iṣẹ́ ṣúgà sílẹ̀ ní Ṣábẹ níbí. Orílẹ̀-èdè tó ń kọ Faransé àti èyí tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì jọ ní iṣẹ́ kan náà lọ́wọ́, lórí ilẹ̀ wa.

Ọ̀nà tó yí po

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ “big”. Nígbà tí ọmọ wa bá dé ilé-ìwé gíga, wọn yóò kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n Faransé ni wọ́n fi ń túmọ̀ rẹ̀ fún un. Wọn yóò kọ “big” sójú pátákó, wọn yóò kọ “grand” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ibi gbogbo tí Faransé bá ti ń sọ “grand”, “big” ni ọmọ yóò máa sọ.

Ibẹ̀ ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. “Grand” Faransé ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Ó ń ṣe iṣẹ́ ẹni tó ga. Ó ń ṣe iṣẹ́ ohun tó tóbi. Ó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n. Ó sì ń ṣe iṣẹ́ ẹni tó lókìkí. Gẹ̀ẹ́sì ya àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí sọ́tọ̀. Ọmọ tó fẹ́ sọ pé bàbá òun ga, tó wá kọ ọ́ pé “My father is big”, ará Ṣakí tó bá kà á yóò rò pé bàbá náà sanra ni.

Ẹ wá wò ó ní Nàgó. Ǹjẹ́ a máa ń pe ẹni tó ga ní ẹni tó tóbi? Rárá. Ó ga, ó ga ni. Ó tóbi, ó tóbi ni. Ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n, bó tilẹ̀ kúrú ju àbúrò rẹ̀ lọ. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì yà sọ́tọ̀, Nàgó ti yà á sọ́tọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ Ṣábẹ ti ní ìyàtọ̀ náà nílé. Ó gbé e sílẹ̀, ó gba ọ̀dọ̀ Faransé lọ, ó sì sọ ọ́ nù sójú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń tan ni jẹ ju ìyẹn lọ, òun ni “large”. Ní Faransé, “large” ni ohun tó fẹ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì, “large” ni ohun tó tóbi. Lẹ́tà kan náà, ìtumọ̀ ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá ka “large” sára ẹrù bí ẹni ka Faransé lè ra ohun tí kò wá lọ sọ́jà.

Níbo ni àwọn ọ̀rọ̀ yìí ti wá?

Kí ló dé tí “large” fi wà nínú èdè méjèèjì? Ìtàn wà nídìí rẹ̀. Ní ọdún 1066, William, olórí ilẹ̀ Normandy ní Faransé, ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì jọba níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, Faransé ni èdè ààfin àti ti kóòtù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ rí i pé Gẹ̀ẹ́sì náà ti gbé abẹ́ Faransé rí. “Large” bá ìjọba náà wọlé. “Grand” náà wọlé, ìdí nìyẹn tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ìyá àgbà ní “grandmother”.

Ṣùgbọ́n àwọn ará oko kò jẹ́ kí èdè wọn kú. “Great” jẹ́ ọ̀rọ̀ ti wọn tẹ́lẹ̀. Ní ti “big”, ó bẹ̀rẹ̀ sí hàn nínú ìwé ní nǹkan bí ọdún 1300, ní apá àríwá ilẹ̀ náà. Nígbà náà, kì í ṣe títóbi ni wọ́n ń fi í sọ. Alágbára ni ìtumọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wá di ọ̀rọ̀ fún ohun tó tóbi. Agbára náà kò kúrò nínú rẹ̀ tán. Nígbà tí ará Èkó bá pe ẹnìkan ní “big man”, kì í ṣe ara rẹ̀ ni ó ń wò, agbára àti owó rẹ̀ ni. Àwa náà ń sọ pé ènìyàn ńlá.

Ẹni tó gba ọ̀nà tààrà

Ǹjẹ́ ẹnìkan ti lọ láti èdè wa sínú Gẹ̀ẹ́sì láìgba ọ̀nà mìíràn? Bẹ́ẹ̀ ni. Samuel Ajayi Crowther jẹ́ ọmọ Òṣógùn. Wọ́n kó o lẹ́rú ní ọdún 1821. Ní ọdún 1822, ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lórí òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé. Ní ọdún 1843, wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ kan jáde ní London, tó kó ọ̀rọ̀ Yorùbá àti ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ pọ̀. Ó tún tẹ òmíràn tó pọ̀ jù ú lọ ní ọdún 1852.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ ronú sí i. Crowther kò fi èdè ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé e dání wọlé, ó fi í ṣe òṣùwọ̀n tó fi ń wọn ọ̀rọ̀ àjèjì.

Bí a ṣe ń lo “big”

Ẹ jẹ́ kí àwa náà fi òṣùwọ̀n wa wọ̀n ọ́n.

1. “Big” ń ṣíwájú orúkọ ohun tó ń sọ. A ní ilé ńlá, Gẹ̀ẹ́sì ní “a big house”.

2. “Big” kì í yí padà. Faransé ní “grand”, “grande”, “grands”, “grandes”. Àwa ń sọ pé ilé ńláńlá bí wọ́n bá pọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní “big houses”, ó tán.

3. Níbí, ẹ ṣọ́ra fún Nàgó. A ní “Ilé náà tóbi”, ọ̀rọ̀ parí. Gẹ̀ẹ́sì kò gbà bẹ́ẹ̀, ó ń fẹ́ “is” láàárín: “The house is big”. Ní ti èyí, Faransé ràn wá lọ́wọ́, nítorí òun náà ní “est”.

4. Tóbi ju ni “bigger than”. Tóbi jù lọ ni “the biggest”. Ẹ kọ “g” méjì. Ẹ má sọ pé “more big”, Faransé ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu yín.

5. Kì í ṣe gbogbo ńlá ni “big”. Òjò ńlá ni “heavy rain”. Ayọ̀ ńlá ni “great joy”. Ẹ̀gbọ́n mi ni “my elder brother” bó bá jẹ́ ọkùnrin, “my elder sister” bó bá jẹ́ obìnrin. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì lè pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní “big brother” nínú ilé, ṣùgbọ́n nínú ìwé tó lọ sí ọ́fíìsì, “elder” ni ó yẹ.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rántí

A kò sọ pé kí ẹ kọ Faransé sílẹ̀. Òun ni èdè ìjọba wa, òun ni àwọn ọmọ wa fi ń ṣe ìdánwò. Ohun tí a ń sọ ni pé Faransé kọ́ ni ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Ìlà ọdún 1889 ni ó mú wa gbà bẹ́ẹ̀. Òfin tó ga jù lọ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990, sọ nínú ẹ̀ka rẹ̀ kọkànlá pé gbogbo àwọn ènìyàn inú orílẹ̀-èdè yìí ní òmìnira láti lo èdè wọn, ní sísọ àti ní kíkọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá bá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàdé, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: Kí ni a ń pe èyí ní Nàgó? Lẹ́yìn náà ni kí ẹ béèrè ohun tí Faransé ń pè é. Bí ọmọ yín bá ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì nílé, tí ẹ̀yin kò sì mọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má sọ pé kò kàn yín. Ẹ bi í pé: Ṣé ó ga ni, àbí ó tóbi? Ẹ ti fi ìbéèrè yẹn ràn án lọ́wọ́.

Ẹ mú ìwé àti bírò. Ẹ wo inú ilé yín. Ẹ kọ ohun márùn-ún tó tóbi sílẹ̀ ní Nàgó, kí ẹ kọ “big” síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá dé ibi tí “big” kò bá a mu, ẹ fi àmì sí i, kí ẹ mú un wá sí kíláàsì, kí a jọ wò ó.