Ariwo Hẹlikópítà Lórí Ilé Aráàlú: Ta Ló Láṣẹ Lórí Òfurufú?

Ẹni tí ariwo ilé ọtí kò jẹ́ kó sùn lè fẹjọ́ sun ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí hẹlikópítà ń gba orí òrùlé rẹ̀ kọjá láti àárọ̀ di alẹ́, ta ni yóò ké sí? Ó ti pẹ́ tí àwọn olùgbé New York àti Long Island, erékùṣù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti ń béèrè ìbéèrè yìí. Orí ilé wọn ni hẹlikópítà tó ń kó àwọn arìnrìn-àjò afẹ́, àti èyí tó ń gbé àwọn olówó lọ sílé ìsinmi wọn ní Hamptons, ń gbà.

Ariwo hẹlikópítà yàtọ̀ sí ti bàálù yòókù. Abẹ̀bẹ̀ ńlá orí rẹ̀ ló ń gbé e fò. Bí apá kan abẹ̀bẹ̀ náà bá ti gé afẹ́fẹ́ kọjá, yóò fi ìjì kékeré sílẹ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí hẹlikópítà bá ń sọ̀ kalẹ̀, apá tó tẹ̀lé e a máa kọlu ìjì yìí, ìkọlù náà ló sì ń dún gbì-gbì-gbì. Ohùn tó wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ a máa rìn jìnnà, ògiri kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dá a dúró. Lẹ́yìn èyí, òfin Amẹ́ríkà tó ní kí bàálù fi ẹsẹ̀ bàtà 1,000 ga ju ilé tó ga jù lọ ní sàkáání rẹ̀ nínú ìlú gba hẹlikópítà láàyè láti fò nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí kò bá ti ní í fi ẹ̀mí tàbí dúkìá sínú ewu.

Ní ọdún 2012, FAA, àjọ tó ń mójútó ìrìnnà òfurufú ní Amẹ́ríkà, pàṣẹ pé kí hẹlikópítà tó bá ń gba ìhà àríwá Long Island máa gba ojú omi, kí ó sì wà ní ẹsẹ̀ bàtà 2,500 sókè, ó kéré tán. Ẹgbẹ́ àwọn oníhẹlikópítà pẹjọ́, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fìdí àṣẹ náà múlẹ̀ ní ọdún 2013. Wọ́n sún àsìkò rẹ̀ síwájú léraléra kó tó parí ní ọdún 2022. Àmọ́ ohun tó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn. Ìhà gúúsù ni Hamptons wà, hẹlikópítà sì gbọ́dọ̀ ré kọjá lórí ilẹ̀ kó tó débẹ̀. Àwọn tó ń gbé lábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ré kọjá ní ńṣe ni wọ́n kó ariwo ẹlòmíràn wá bá àwọn.

Ìlú East Hampton, tó ní pápá bàálù tirẹ̀, gbìyànjú láti gbèjà ara rẹ̀. Ní ọdún 2015, ó ṣòfin pé bàálù kò gbọdọ̀ balẹ̀ tàbí gbéra láti aago mọ́kànlá alẹ́ títí di aago méje àárọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, kóòtù fagi lé òfin náà. Ìdí ni pé òfin ìjọba àpapọ̀ tó jáde ní ọdún 1990 ti la ìlànà tí ìlú gbọ́dọ̀ tẹ̀lé sílẹ̀ kó tó lè ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, East Hampton kò sì tẹ̀lé e.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ta kókó sí nìyẹn. Ìjọba àpapọ̀ ló láṣẹ lórí òfurufú. Agbára ìlú kò ju ilẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀ lọ. Ìlú New York lo agbára yìí ní ọdún 2016, nígbà tó bá àwọn oníléeṣẹ́ ṣe àdéhùn pé ìrìn àjò afẹ́ láti ibùdó hẹlikópítà rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ Manhattan, tó tó nǹkan bí 60,000 lọ́dún, yóò dín kù sí ìlàjì, kò sì ní sí rárá lọ́jọ́ Sunday. Síbẹ̀, àdéhùn náà kò mú àwọn tó ń gbéra láti New Jersey, ní òdìkejì odò.

Ọ̀nà mìíràn tún wà láti dín ariwo kù. Awakọ̀ lè fò sókè sí i, kó máa tẹ̀lé odò tàbí òpópónà ńlá, kó sì yẹra fún ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́. Àwọn kan ti ń ṣe hẹlikópítà tí abẹ̀bẹ̀ ìdí rẹ̀ wà nínú àgbá. Ní ọdún 2023, wọ́n dán bàálù oníná mànàmáná tí kò pariwo púpọ̀ wò ní Manhattan.

Hẹlikópítà tó gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn kò ṣe é fi wé èyí tó gbé olówó lọ síbi ìgbafẹ́. Ẹni tó wà lábẹ́ òrùlé lè fara da ti àkọ́kọ́, nítorí ó lè kan òun náà lọ́la. Ti èkejì ni ó ń béèrè pé kí wọ́n gba òun lọ́wọ́ rẹ̀.