Wèrè Dùn-ún Wò

"Wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ." Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òwe yìí ṣe jinlẹ̀ tó, kó dé ọjà Ikpinlè ní Adja-Ouèrè, ní orílẹ̀-èdè Benin, lọ́jọ́ tí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú bá já wọ àárín àwọn tó ń ta gàrí àti epo pupa. Àwọn ọmọdé á máa pàtẹ́wọ́ fún un, àgbà á máa rẹ́rìn-ín, ẹnìkan á ju owó sílẹ̀ kó lè tún jó. Ìyá rẹ̀ kì í sí níbẹ̀. Ó ti lọ bẹ onísègùn, tàbí ó ti lọ yáwó.

Òǹwòran ló ni ìdajì òwe náà, òbí ló ni ìyókù. Òbí kò sì ráyè àríyànjiyàn lórí ìbílẹ̀ àti ìgbàlódé. Ní Adja-Ouèrè àti àwọn abúlé rẹ̀, yóò gbọ́mọ lọ sílé babaláwo, yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ wòlíì aláṣọ funfun ti Ìjọ Sẹ̀lẹ́, yóò sì tún dé ilé ìwòsàn. Bí a bá ní kó mú ọ̀kan, yóò ní òun ti gbọ́, yóò sì máa ṣe ìyókù ní kọ̀rọ̀.

Inú kọ̀rọ̀ yẹn ni ewu wà. Egbò asofẹ́yẹjẹ wà lára ohun tí àwọn onísègùn wa fi ń tọ́jú wèrè. Reserpine wà nínú rẹ̀, èròjà tí àwọn dókítà òyìnbó pàápàá lò fún àrùn ọpọlọ ní nǹkan bí 1954. Ó ń mú ni sùn, ó sì ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Chlorpromazine tí ilé ìwòsàn ń lò fún wèrè náà ń fà á wálẹ̀. Bí méjèèjì bá pàdé lára ẹni tí kò jẹun kánú, ó lè dìde kó ṣubú lulẹ̀, nọ́ọ̀sì tí wọn ò sọ fún pé àgbo wà nílé kò sì ní mọ ohun tó dé.

Dókítà àrùn ọpọlọ Adeoye Lambo ti rí i tipẹ́ pé ó yẹ kí ìbílẹ̀ àti ilé ìwòsàn jọ ṣiṣẹ́. Ní 1954, ní Arò l'Ábẹ́òkúta, ó fi àwọn aláìsàn sí abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, ó sì gba àwọn onísègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ìdánwò tó ní òdiwọ̀n ló pẹ́ kó tó dé. Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣe é n'Ìbàdàn àti ní Kumasi ní Ghana, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde nínú The Lancet ní 2020. Aláìsàn 307 tó wà lọ́dọ̀ onísègùn àti nílé àdúrà ló kópa. Wọ́n ṣẹ́ kèké fún àwọn ibùdó náà. Ní apá kan, òṣìṣẹ́ ìlera máa ń wá bá aláìsàn níbi tó wà, á fún un lóògùn. Onísègùn ń bá ètùtù àti àdúrà rẹ̀ lọ, àmọ́ kò gbọdọ̀ ṣe aláìsàn léṣe. Ní apá kejì, ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá ni, tí wọ́n kàn tún un ṣe díẹ̀. Wọ́n fi máàkì wọn bí àìsàn ṣe le tó: apá méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 108. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ti àkọ́kọ́ já sí 53.4, ti èkejì sí 67.6.

Ẹni tó bá ní èyí fi hàn pé ètùtù ń wo wèrè, ó purọ́ mọ́ ìdánwò náà. Ẹni tó ní ó fi hàn pé kò wúlò, irọ́ lòun náà pa. Àjọṣe ni wọ́n dán wò. Ìlòkulò bíi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tilẹ̀ dín kù ní apá méjèèjì, ìyẹn ni mo fi rò pé ojú tó ń wò wọ́n gan-an ti ṣiṣẹ́ díẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni Grégoire Ahongbonon gbà ní Benin. Ọmọ Benin tó ń tún táyà ṣe ní Bouaké, ní Côte d'Ivoire, ni, kì í ṣe dókítà. Ó ń tú ẹni tí wọ́n so mọ́ igi sílẹ̀, ó sì ń kó wọn lọ sí ibùdó Saint-Camille, irú èyí tó wà ní Avrankou. Òtítọ́ rẹ̀ lórí ẹ̀wọ̀n kò ní àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n aláìsàn á padà sí abúlé rẹ̀, bíi Massè, babaláwo ló sì máa kọ́kọ́ kí i káàbọ̀.

Owó ló kù. Láàárín oṣù mẹ́fà yẹn, àjọṣe náà ná dọ́là 627 lórí ẹnì kan, ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá ná 526. Fún nọ́ọ̀sì tó máa gun alùpùpù láti Adja-Ouèrè dé Tatonnonkon lórí ilẹ̀ pupa lásìkò òjò, ẹnìkan gbọ́dọ̀ ra kpayo, epo bẹntiróò tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, sí táńkì. Ìdílé tó ti fi oko ọ̀pẹ dógò nítorí ọmọ kò lè rà á. Ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ìjọba àpapọ̀ ní Kútọnu ló máa rà á.