Jẹ́lé-ó-sinmi ní Oko Ọba

Jẹ́lé-ó-sinmi ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí kò tíì tó wọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Oko Ọba wà ní Agége, l'Ékòó, níbi tí Yorùbá àti Hausa ti ń bára wọn gbé tipẹ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2007 ka ìfìyàjẹ ọmọ léèwọ̀; àṣẹ gómìnà ní 2016 sì ní kí ilé-ẹ̀kọ́ ní ìlànà ààbò ọmọ.

Èdè gan-an wà lára ààbò yìí. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí Gẹ̀ẹ́sì kò tíì yọ̀ mọ́ lẹ́nu kò lè fi í ṣàlàyé ohun tí wọ́n ṣe sí i. Olùkọ́ tó gbọ́ “ó ń dùn mí níbí” tàbí, ní Hausa, “yana mini zafi” ló lè tètè gbà á sílẹ̀.

Èdè abínibí kì í sì í dí ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì bà jẹ́. Òfin Èkó ti 2018 sọ ẹ̀kọ́ Yorùbá di dandan ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àti ti aládàáni. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ti 2022, tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ, ni wọ́n fagi lé ní 2025.