Ilẹ̀ Ẹdẹ: Ẹni tí ó ń Pín in àti Ẹni tí ó ń Ṣètò Rẹ̀

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìlú tí ó ń gbòòrò ní ilẹ̀ Yorùbá, Èkó àti Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé máa ń tọ́ka sí. Lójú tèmi, àwọn ìlú tí kò tóbi tó bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere jù, nítorí pé níṣojú àwọn tí ó wà láàyè ni oko ṣe di ilé níbẹ̀. Ẹdẹ, ìlú Tìmì, ni a óò fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ fún wa pé Aláàfin ni ó rán Tìmì Àgbàlé, ọlọ́fà iná, wá sí agbègbè odò Ọ̀ṣun. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ògúndìran ṣe ní Ẹdẹ-Ilé sì fi hàn pé àwọn ará Ọ̀yọ́-Ilé ni wọ́n tẹ ibẹ̀ dó lóòótọ́. Láyé Tìmì Kúbọ́lájé ni wọ́n kó wá sí ibi tí ìlú wà lónìí. Kí òǹkàwé má ṣe rò pé wọ́n kàn dó bí ó ti wù wọ́n. Ààfin àti Ọjà Tìmì wà láàrin. Agbo ilé yí wọn ká. Oko etílé tẹ̀ lé agbo ilé, oko ẹgàn sì wà lọ́nà jíjìn. Tìmì a fún olórí ìdílé nílẹ̀, olórí ìdílé a pín in fún àwọn ọmọ rẹ̀, àlejò a sì máa san ìṣákọ́lẹ̀. Ètò ìlú ni èyí pẹ̀lú, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ yà á sórí ìwé.

Ojú irin ni ó kọ́kọ́ la ilẹ̀ náà já ní ọ̀nà tí kì í ṣe ti agbo ilé. Ó dé Òṣogbo ní 1907, Ẹdẹ sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibùdókọ̀ rẹ̀. Ní 1946, ọdún tí Ọba Adétóyèṣe Láoyè gorí oyè, ìjọba amúnisìn ṣe òfin ètò ìlú fún Nàìjíríà. Ní 1952, òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti Ìwọ̀-Oòrùn gbé agbára fún káńsù tí àwọn ará ìlú dìbò yàn. Láti ìgbà náà ni ilẹ̀ ti ní ọ̀gá méjì: ìdílé tí ó mọ ààlà rẹ̀, àti káńsù tí ó ní òǹtẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa kọ ọ́ nínú ìdánwò pé Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 29 Oṣù Kẹta, 1978 gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìdílé. Ìdáhùn náà kò pé. Ilẹ̀ ìgboro ni òfin náà fi sábẹ́ gómìnà. Èyí tí kì í ṣe ti ìgboro ni ó fi sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni tí ó ti ń dáko kí òfin tó dé lè máa dá a lọ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gé oko náà sí púlọ́ọ̀tì, kò sì gbọdọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn. Ohun tí òfin kọ̀ yìí gan-an ni ó ń sọ oko etílé di àdúgbò. Àwọn ènìyàn a kọ ọjọ́ tí ó ṣáájú 1978 sórí rìsíìtì tí tádàá rẹ̀ kò tíì gbẹ, wọn a sì kọ́lé. Nígbà tí káńsù bá dé, ilé ni yóò bá, kì í ṣe ilẹ̀.

Ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń wá ilẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga Pólì ti Ìjọba Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1992, Yunifásítì Adélékè ní 2011, Yunifásítì Redeemer's sì kó wá sí Ẹdẹ ní 2012. Akẹ́kọ̀ọ́ ń fẹ́ yàrá, olùkọ́ ń fẹ́ ilé, àgbẹ̀ sì rí i pé púlọ́ọ̀tì kan lè mówó wọlé ju ìkórè ọdún púpọ̀ lọ. Ta ni yóò dá a lẹ́bi?

Ṣùgbọ́n ìṣòro tí ó wúwo jù ni ti àpò. Ìjọba àpapọ̀ ń fún ìjọba ìbílẹ̀ lówó láti ìgbà àtúntò 1976. Ìpín wọn jẹ́ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ní 1981, ó sì di 20 ní 1992. Ìwé òfin 1999 wá ní kí owó náà gba inú àpò kan tí ìpínlẹ̀ ń bójú tó. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ àti ti olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń kúrò níbẹ̀. Ọ̀nà, kòtò omi àti àwọn awọnlẹ̀ tí ì bá ṣáájú ọ̀lé lọ sóko a dúró de ohun tí ó bá ṣẹ́kù. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ pàṣẹ ní 11 Oṣù Keje, 2024 pé kí a máa san owó náà fún ìjọba ìbílẹ̀ tààrà. Kò ju ọdún kan lọ tí àríyànjiyàn lórí ẹni tí ó jẹ́ alága fi mú kí wọ́n dá owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀ṣun dúró ní 2025.

Ẹdẹ tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìlú kan ni, ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ méjì ni wọ́n pín in sí. Nínú ètò ìkànìyàn 2006, àwọn 83,831 wà ní Àríwá Ẹdẹ, 76,035 sì wà ní Gúúsù. Kòtò omi tí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀kan tí ó sì parí sí èkejì ní láti wọ inú ìwé ìṣúná méjì, lọ́dún kan náà.