Láti Fìtílà Dé Iná Oòrùn: Ẹ̀kọ́ Tí Ìtàn Kọ́ Ìlú Ìwó

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ní àkókò yìí tí ọ̀pọ̀ ìlú ní Nàìjíríà ń ri òpó iná tó ń lo agbára oòrùn sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó yẹ kí àwa ọmọ Ìwó Olódò Ọbà wo ẹ̀yìn kí a tó béèrè fún tiwa. Ìtàn fi yé wa pé títan iná kò nira tó títọ́jú rẹ̀.

Kí òyìnbó tó dé, àwọn baba ńlá wa kò jókòó sínú òkùnkùn. Wọ́n ń bu epo pupa tàbí àdín sínú fìtílà amọ̀, wọ́n sì ń fi òwú ṣe okùn rẹ̀. Ẹni tó bá ń rìn lóru a tan ògùṣọ̀. Nígbà tí karosíìnì dé, fìtílà alágolo àti àtùpà onígíláàsì gba ipò wọn. Ìmọ́lẹ̀ fìtílà kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní olùtọ́jú. Ìyá tó ń fi í tajà lálẹ́ ló ń gé òwú rẹ̀, òun náà ló ń bu epo sí i. Bí ó bá kú, kò sí ẹni tó ń bi ara rẹ̀ léèrè pé ta ni yóò tún un tàn.

Ní ọdún 1881, wọ́n tan iná mọ̀nàmọ́ná sí ojú títì ìlú Godalming ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1898, irú iná bẹ́ẹ̀ dé Èkó. Láti ìgbà náà ni ìmọ́lẹ̀ ojú títì ti kúrò lọ́wọ́ ará àdúgbò, tó di ti ìjọba. Abájọ tí àwọn àgbà kan fi ń pè é ní iná ọba.

Ọba náà kò yéé pààrọ̀ orúkọ. Òfin ọdún 1950 ló dá ECN sílẹ̀. Wọ́n parí ìsédò Kainji ní ọdún 1968. Ní ọdún 1972, wọ́n pa ECN pọ̀ mọ́ iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ìsédò náà, ó di NEPA. NEPA di PHCN ní ọdún 2005, nígbà tó sì di ọdún 2013, ìjọba ta apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ fún àwọn oníṣòwò. Síbẹ̀, bí iná bá dé lónìí, “Up NEPA!” náà ni àwọn ọmọdé ṣì ń pariwo. Orúkọ ń yí padà, àmọ́ òkùnkùn ò lọ.

Ní ọdún 1954, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Bell Laboratories ní Amẹ́ríkà fi silicon ṣe ohun tó ń sọ ìtànṣán oòrùn di iná. Lẹ́yìn náà ni gílóòbù LED, tí kì í jẹ iná púpọ̀, dé. Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀ kò ṣòro láti lóye: pánẹ́ẹ̀lì ń gba oòrùn lọ́sàn-án, bátìrì ń tọ́jú agbára rẹ̀, gílóòbù sì ń ná an lóru. Kò nílò wáyà NEPA rárá. Ó bá ilẹ̀ wa mu, nítorí pé láti oṣù kìn-ín-ní dé oṣù kejìlá, òru wa máa ń tó bíi wákàtí méjìlá.

Kí ló wá dé tí ọ̀pọ̀ òpó bẹ́ẹ̀ fi ń dákẹ́ káàkiri Nàìjíríà kí ọdún mélòó kan tó pé? Oòrùn kò kọ̀ láti ràn. Bátìrì ló máa ń kọ́kọ́ kú, tàbí kí olè jí i. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku a bo pánẹ́ẹ̀lì, kò sì sí ẹni tí yóò nù ún. Ewúrẹ́ tí gbogbo àdúgbò jọ ni, tí a kò yan ẹni tí yóò máa já ewé fún un, ebi ni yóò pa á.

Nítorí náà, àbá mi ni pé kí ìjọba ìbílẹ̀ Ìwó kọ́kọ́ fi ọ̀nà ọjà Odò-Orí nìkan dán an wò fún ọdún méjì. Kí wọ́n ya owó bátìrì tuntun sọ́tọ̀ kí wọ́n tó ri òpó àkọ́kọ́. Kí wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ iná ní Ìwó bí a ṣe ń tún un ṣe. Kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti àwọn ará àdúgbò yan ẹni tí yóò máa ṣọ́ òpó kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà tí a óò pè sí ara òpó náà. Bí ó bá yọrí sí rere, kí a tó mú un dé àwọn àdúgbò yòókù.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹ̀ṣọ́ ìlú. Ìyá tó ń pàtẹ ata lálẹ́ nílò ìmọ́lẹ̀ kí ọlọ́kadà lè rí i, kí òun náà sì lè mọ owó tí wọ́n nà sí i. Ọmọ tó ń ti ilé ẹ̀kọ́ àṣálẹ́ bọ̀ nílò rẹ̀ kó lè délé láìséwu. Fìtílà ìyá ọlọ́jà ìgbà àtijọ́ kì í kú kó má tàn mọ́, nítorí pé ó ní ẹni tó ń bu epo sí i. Kí a tó ri òpó tiwa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yan ẹni náà.