Irin Tí A Fi Jẹ́ Ẹ̀jẹ́: Àwọn Sikh, Kirpan, àti Òfin Ìjọba



Irin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, kirpan ni àwọn Sikh ilẹ̀ Punjab ń pè é. Bí mo bá pè é ní idà, mo ti gbè lẹ́yìn àwọn tí ó ní ohun ìjà ni. Bí mo bá sì pè é ní ọ̀bẹ, mo ti sọ ọ́ di ohun èlò ilé ìdáná. Àwọn olùkọ́ ẹ̀sìn wọn máa ń túmọ̀ orúkọ náà sí àánú àti ọlá. Àwọn onímọ̀ èdè sì fi yé wa pé láti inú èdè Sanskrit ni ó ti wá, níbi tí ó ti jẹ́ orúkọ idà. Ti àwọn onímọ̀ èdè ni mo gbà, ṣùgbọ́n òpìtàn tí kò bá fetí sí ti àwọn olùkọ́ ẹ̀sìn kò lè mọ ohun tí ẹni tí ó so ó mọ́dìí ń gbọ́ nínú rẹ̀. Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: ta ni ó ní àṣẹ láti sọ ohun tí irin yìí jẹ́, ìjọba tí ń wọn gígùn rẹ̀ ni, tàbí ẹni tí ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ láti máa gbé e?

Ẹ̀sìn tí Guru Nanak, ẹni tí a bí ní 1469, dá sílẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú irin. Ní 1606, ní ìlú Lahore, ni Guru karùn-ún, Arjan, kú sí ọwọ́ àwọn aláṣẹ ọba Jahangir. Hargobind ọmọ rẹ̀, tí ó rọ́pò rẹ̀, ni ìtàn sọ pé ó so idà méjì mọ́dìí, ọ̀kan fún agbára ayé, èkejì fún agbára ẹ̀mí. Ní 1675 ọba Aurangzeb ní kí a bẹ́ Guru kẹsàn-án, Tegh Bahadur, lórí ní Delhi. Àwọn Sikh gbà pé nítorí ẹ̀tọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Hindu ni ó ṣe kú. Ọmọ tirẹ̀ náà, Gobind Singh, ni ó pe àwọn ènìyàn jọ sí Anandpur ní ọjọ́ ọdún Vaisakhi ní 1699. Wọ́n ní ó fa idà yọ, ó bèèrè orí ènìyàn. Ẹni márùn-ún ni ó dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹgbẹ́ Khalsa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ kì í gé irun, ó sì gbọ́dọ̀ ní òòyà, ẹ̀gbà ọwọ́ onírin, ṣòkòtò abẹ́, àti kirpan. Nígbà tí ó bá ní òun ń gbé e láti gbèjà aláìlágbára, baba méjì tí a pa ni ó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Punjab ní 1849. Ní 1878 wọ́n ṣe òfin pé ará Íńdíà kò gbọdọ̀ gbé ohun ìjà láìní ìwé àṣẹ. Níbí ni ọ̀rọ̀ gbé díjú, nítorí ìjọba kan náà ni ó ń gba àwọn Sikh sí iṣẹ́ ológun lọ́pọ̀lọpọ̀, tí àwọn ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì sì ń fi dandan lé e pé kí ọmọ ogun Sikh wọ Khalsa kí ó sì pa àmì rẹ̀ mọ́. Wọ́n gbà pé ẹni tí ó di ẹ̀sìn rẹ̀ mú ni yóò jà bí akọni. Ohun tí wọ́n ń béèrè nínú bárékè, òun náà ni ó lè sọ àgbẹ̀ di arúfin lójú ọ̀nà oko. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀bẹ̀, wọ́n yọ kirpan kúrò nínú òfin náà ní Punjab ní 1914. Àwọn kan ka èyí sí inú rere. Èmi kò kà á sí bẹ́ẹ̀: ìjọba tí ó nílò èjìká àwọn Sikh tó bẹ́ẹ̀ kò lè máa fi irin wọn mú wọn títí.

Ìwé àyọ̀ǹda náà kò sì sọ bí kirpan ti gbọ́dọ̀ gùn tó. Nígbà tí àwọn Akali dìde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920 láti gba gurdwara, ilé ìjọ́sìn wọn, kúrò lọ́wọ́ àwọn alábòójútó tí ìjọba ń tì lẹ́yìn, ihò yìí ni ìjọba gbà wọlé. Wọ́n ní kirpan tí ó bá gùn jù ti di idà. Wọ́n mú àwọn tí ń gbé e, wọ́n mú àwọn tí ń rọ ọ́. Ṣé irin ni ó gùn sí i láàárín ọdún mélòó kan, àbí ìbẹ̀rù ìjọba?

Òfin ìpìlẹ̀ Íńdíà, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 26 oṣù kìíní 1950, gba ọ̀nà mìíràn. Abala 25 rẹ̀ ṣàlàyé pé síso kirpan àti gbígbé e jẹ́ apá kan jíjẹ́wọ́ ẹ̀sìn Sikh. Ohun tí gómìnà kan yọ̀ǹda, gómìnà mìíràn lè gbà á padà. Èyí kì í ṣe irú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, òfin 1988 gba ìdí ẹ̀sìn gẹ́gẹ́ bí àwíjàre fún ẹni tí a bá bá irin olójú mímú lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìta gbangba.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ Kánádà ni ó fi ìdí ọ̀rọ̀ hàn jù. Ní 2001, kirpan já bọ́ lára ọmọ ilé ìwé Sikh kan ní Quebec, àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ sì kọ̀ fún un láti máa gbé e wá. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta 2006, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fagi lé ìkọ̀sílẹ̀ náà: kí ó máa gbé e, bí ó bá wà nínú àkọ̀ igi, tí a rán àkọ̀ náà sínú aṣọ, tí ó sì wà lábẹ́ ẹ̀wù rẹ̀. Àwọn adájọ́ rántí pé sísọ́ọ̀sì àti igi ìgbábọ́ọ̀lù wà ní ilé ìwé pẹ̀lú. Èmi kò fojú tín-ín-rín ìbẹ̀rù olùkọ́ tí a fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ lé lọ́wọ́. Síbẹ̀, ẹ kíyè sí ohun tí a dá sí. Irin tí a rán mọ́ inú aṣọ kò ṣeé fà yọ láti gbèjà ẹnikẹ́ni. Ilé ẹjọ́ gbà á láyè nítorí pé kò lè ṣiṣẹ́ idà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ ń gbé e nítorí pé idà ni. Òmìnira ẹ̀sìn ni ọmọ náà gbà. Kò gba ẹ̀tọ́ láti di ìhámọ́ra.

Ní oṣù kìíní 2011, àwọn Sikh kan lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Quebec láti sọ èrò wọn lórí àbá òfin kan tí ó kan àwọn obìnrin tí ń bo ojú. A dá wọn padà ní ẹnu ọ̀nà nítorí kirpan. Wọ́n pe ẹjọ́, ṣùgbọ́n ní 2018 ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Quebec dájọ́ pé ilé ìgbìmọ̀ ni ó ní àṣẹ lórí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Nípa ìdájọ́ méjèèjì, ọmọ lè gbé kirpan wọ kíláàsì, ṣùgbọ́n ilé ìgbìmọ̀ lè ní kí bàbá rẹ̀ bọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó bá aṣòfin sọ̀rọ̀.