Àlejò ló kọ́ wa

Ẹni tó bá rò pé oyè púrífẹ́ẹ̀tì ló sọ àwọn ọmọ Oduduwa College di aṣáájú, ẹni náà kò tíì bójú tó àlejò rí.

Ọdún 1932 ni Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, ọdún méjì lẹ́yìn tó gorí ìtẹ́. Ọba tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè, tó sì ti ṣòwò káàkiri, kò fẹ́ kí ọmọ Ifẹ̀ máa fi ìlú sílẹ̀ kó tó rí ilé-ẹ̀kọ́ gíramà. Ṣùgbọ́n ọmọdé la jẹ́ láàárín ẹgbẹ́. Abeokuta Grammar School ti wà láti 1908, ti Ìjẹ̀bú-Òde àti ti Ìbàdàn láti 1913, Ondo Boys' High School láti 1919. Àwọn ẹ̀gbọ́n wọ̀nyí la bá wà nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Aionian. À ń bá ara wa sáré, à ń gbá bọ́ọ̀lù, à ń jiyàn.

Èmi ò mọ bọ́ọ̀lù gbá. Nígbà tiwa, lẹ́yìn òmìnira, iṣẹ́ àlejò ni wọ́n máa ń yàn fún mi. Bí lọ́rì àwọn Oǹdó bá ti wọ ọgbà, wàhálà mi dé. Ta ni yóò sùn lórí ẹní kí àlejò lè rí bẹ́ẹ̀dì? Ta ni yóò bá ìyá alásè sọ̀rọ̀ kí ẹ̀wà má baà tán kó tó kan onílé? Ẹni tí wọ́n ta lẹ́sẹ̀ lórí pápá àti ẹni tó ta á, tábìlì kan náà ni wọ́n máa ti jẹun alẹ́, èmi ni mo sì gbọ́dọ̀ rí i pé ṣíbí nìkan ni wọ́n gbé.

Lẹ́yìn oúnjẹ, olórí ikọ̀ wọn á dìde dúpẹ́, ọ̀kan nínú wa á sì fèsì, láìsí ìwé lọ́wọ́. Ká ní wọ́n nà wá mẹ́rin sí òdo, wàá dìde, wàá yìn wọ́n tọkàntọkàn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ á máa wò ọ́ bí ọ̀dàlẹ̀. Olùkọ́ wa kò ní dá sí i. Ó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kó tó pè ọ́: “O ò dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ wọn.”

Irú ìbẹ̀wò báyìí ti bí nǹkan ńlá ṣáájú wa. Alùfáà I. O. Ransome-Kuti, ààrẹ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ olùkọ́ NUT, ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gíramà Ìjẹ̀bú-Òde kó tó bọ́ sí ti Abẹ́òkúta ní 1932. Ilé-ẹ̀kọ́ Abẹ́òkúta yìí náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti wá pàdé bí àlejò ní 1939, tí wọ́n dá Nigerian Union of Students sílẹ̀. Àwọn ọmọ yìí ló ń rọ àwọn àgbà òṣèlú ṣáá títí wọ́n fi pé jọ sí Glover Hall l'Ékòó ní oṣù kẹjọ 1944, tí ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC fi dáyé. Lọ́dún yẹn kan náà ni àwọn ọmọ King's College yarí. Ìjọba amúnisìn fipá mú lára wọn wọṣẹ́ ológun, ọ̀kan sì kú síbẹ̀. Ọmọ tó bá ti mọ bí a ṣe ń dìde sọ̀rọ̀ níwájú àjèjì, gómìnà kò lè dẹ́rù bà á.

Bọ́dìńgì kógbá sílé, lọ́rì kò wá mọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni ti ìtòsí. Ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, aládùúgbò wa, tún bẹ́ sílẹ̀ ní 1981. Nígbà tó tún di 1997, ọ̀rọ̀ ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ife East tanná ràn án, ó sì di 2000 kó tó rọlẹ̀. Àwọn ọmọ tó yẹ kó máa bá ara wọn jiyàn, ojú títì tí wọn kì í gbà ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀. Oǹdó tó jìnnà wá rọrùn láti bẹ̀ wò ju ẹ̀yìnkùlé lọ.

Lónìí, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ aṣáájú ń wáyé nínú hòtẹ́ẹ̀lì, pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí àti fọ́tò. Mi ò bú wọn. Oúnjẹ wọn dáa. Níbi ìpàdé kan tí àwa àgbàlagbà ṣe, mo dá a lábàá pé kí ilé-ẹ̀kọ́ kan n'Ífẹ̀ gba Modakeke High School lálejò fún ọjọ́ méjì, kí wọ́n sun ibẹ̀ mọ́jú. Akápò ní èló ni bọ́ọ̀sì máa gbà. Mo ní ta ló ń wọ bọ́ọ̀sì láti Modákẹ́kẹ́ wá sí Ifẹ̀?